ẸMU NÍNÚ KẸ́Ẹ̀GÌ ÀTI NÍNÚ ÌGÒ

Ẹ̀kọ́ fún àwọn àgbẹ̀ kòkó tí ń fi ẹmu ránṣẹ́ sí ọjà Ìkòtún, Ẹgbẹ́dá àti Ìgandò



Ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó ní igi ọ̀pẹ láàárín oko kòkó, tí ẹ sì ní ògùrọ̀ ní ẹsẹ̀ odò níbi tí kòkó kò lè ṣe dáadáa. Kòkó a máa mú owó wá ní àkókò tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ní àwọn oṣù tí kò sí èso láti ká, ẹmu ni ń ra iyọ̀ àti ọṣẹ, òun náà ni ó sì ń ra ìwé fún àwọn ọmọ. A kọ ìwé pélébé yìí láti fi hàn yín bí a ti ń tọ́jú ẹmu kí ó lè dé ọjà láìbàjẹ́, àti bí a ti ń fi í sínú ìgò láìjẹ́ pé ìgò náà bẹ́ mọ́ ẹnikẹ́ni lójú.

Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo ohun yòókù tí ó wà nínú ìwé yìí, ẹ má ṣe gbàgbé gbólóhùn kan yìí: ỌTÍ TÍ ṢÚGÀ ṢÌ KÙ NÍNÚ RẸ̀, TÍ ÌWÚKÀRÀ SÌ WÀ LÁÀYÈ NÍNÚ RẸ̀, A KÒ GBỌDỌ̀ DÉ E PA. Ọ̀nà mẹ́ta péré ni ó wà. Ẹ lè jẹ́ kí ó máa mí. Ẹ lè pa ìwúkàrà inú rẹ̀ kí ẹ tó dé e. Tàbí kí ẹ dúró títí ṣúgà inú rẹ̀ yóò fi tán. A ó mú ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ̀nyí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

1. ỌJÀ TÍ Ó WÀ NÍWÁJÚ YÍN

Ìhà ibi tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kì í ṣe àjèjì sí àgbẹ̀ kòkó. Ní ọdún 1907 ni àwọn olóko Agége dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀, J. K. Coker, ẹni tí oko rẹ̀ wà ní Ìfàkò, sì jẹ́ aṣáájú láàárín wọn. Láti oko wọ̀nyẹn ni ọ̀pọ̀ alágbàṣe ti kọ́ iṣẹ́ kòkó, tí wọ́n sì mú un lọ sí ìlú tiwọn. Lónìí ilé ti gba ilẹ̀ tí oko wà nígbà náà. Ìkànìyàn ọdún 2006 ka ènìyàn 1,277,714 ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Alímọ̀ṣọ́ nìkan, kò sì sí ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn ní Ìpínlẹ̀ Èkó tí iye tirẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú ìkànìyàn náà. Àwọn ènìyàn wọ̀nyí ń ṣe ìgbéyàwó, wọ́n ń sọ ọmọ lórúkọ, wọ́n sì ń sin òkú àgbà. Níbi ọ̀pọ̀ nínú ayẹyẹ wọ̀nyí ni a sì ti ń béèrè ẹmu.

Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé ẹmu nìkan kọ́ ni ó wà lórí tábìlì. Ní oṣù Júnì ọdún 1949 ni ìgò bíà Star àkọ́kọ́ jáde láti ilé ìpọntí tí ó wà ní Èkó, láti ìgbà náà sì ni bíà ti ń bá ẹmu du ọjà. Ohun tí bíà fi borí kì í ṣe adùn. Ẹni tí ó ra bíà lónìí mọ̀ pé bí ó ti rí lẹ́nu lánàá ni yóò rí lónìí àti lọ́la. Ẹni tí ó ra ẹmu kò lè fọwọ́ sọ̀yà bẹ́ẹ̀: ní òwúrọ̀ ó dùn, ní ìrọ̀lẹ́ ó le, ní ọjọ́ kejì ó kan. Bí àgbẹ̀ bá lè mú ìyàtọ̀ yìí kúrò, ọjà yóò wá bá a. Nítorí náà ni àwọn kan fi ń sáré da ẹmu sínú ìgò tí wọ́n sì ń dé e, láìmọ ohun tí wọ́n dé mọ́ inú rẹ̀.

2. OHUN TÍ Ń ṢẸLẸ̀ NÍNÚ ẸMU

Ẹ rántí bí ẹ ti ń ṣe kòkó. Bí ẹ bá ti la pódì, tí ẹ kó ẹyin rẹ̀ jọ, tí ẹ sì fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó, kò pẹ́ tí òkìtì náà yóò fi gbóná. Omi dídùn a máa ṣàn jáde lábẹ́ rẹ̀, òórùn ọtí a máa tẹ̀lé e, lẹ́hìn náà ni òórùn kíkan yóò dé. Kò sí ẹni tí ó fi ọtí sí i. Ìwúkàrà tí ojú kò lè rí ni ó bà lé e, tí ó sì ń jẹ ṣúgà tí ó wà nínú ara funfun tí ó bo ẹyin kòkó.

Iṣẹ́ kan náà ni ìwúkàrà ń ṣe nínú ẹmu. Nígbà tí omi ọ̀pẹ tàbí ti ògùrọ̀ bá kọ́kọ́ ń kán, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní agbára ọtí kankan. Ṣúgà ni ó wà nínú rẹ̀, tí ó tó bí 100 gíráàmù nínú lítà kan, nígbà mìíràn a sì máa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ìwúkàrà ti ń dúró dè é ní ẹnu ibi tí a dá àti nínú akèǹgbè tí a lò lánàá. Kí adẹ́mu tó sọ̀ kalẹ̀ láti orí igi, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Láàárín wákàtí 24 ẹmu a ti ní agbára. Bí ó bá di ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta, ẹ̀yà kòkòrò mìíràn, tí ń sọ ọtí di kíkan, yóò gba iṣẹ́ náà ṣe.

Olùkọ́ Olumbe Bassir ní Ibadan àti Olùkọ́ Nduka Okafor ní Nsukka wà lára àwọn ọ̀mọ̀wé tí wọ́n ṣe ìwádìí lórí ọ̀rọ̀ yìí ní orílẹ̀-èdè wa. Ohun tí ó kan àgbẹ̀ nínú rẹ̀ ni pé, bí ìwúkàrà bá ti jẹ ṣúgà, nǹkan méjì ni ó ń ti ara rẹ̀ jáde. Ìdajì rẹ̀ di ọtí. Ìdajì kejì di afẹ́fẹ́ tí a ń pè ní carbon dioxide. Afẹ́fẹ́ yìí ni ó ń mú ẹmu hó, òun náà ni ó wà nínú bíà àti nínú ọtí ẹlẹ́rìndòdò, òun ni ó sì ń ta ni ní imú nígbà tí a bá mu ún. Ọ̀rẹ́ ẹmu ni nígbà tí ẹnu ìgò bá ṣí. Nígbà tí a bá dé ẹnu ìgò pa, ọ̀rọ̀ yí padà.

3. ÌṢIRÒ TÍ KÍ ẸNIKẸ́NI MÁ ṢE FO

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì kan gba lítà 25. Bí 100 gíráàmù ṣúgà bá wà nínú lítà kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 2,500 gíráàmù. Bí ìwúkàrà bá jẹ gbogbo rẹ̀, ìdajì tí ó di afẹ́fẹ́ yóò tó nǹkan bí 1,250 gíráàmù. Nínú ooru ilẹ̀ wa, afẹ́fẹ́ tí ó wọ̀n tó bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ ààyè tí ó tó nǹkan bí lítà 700. Èyí ni pé ó lè kún kẹ́ẹ̀gì 28 tí ó tóbi tó ti àkọ́kọ́!

Ìgò kékeré kò yàtọ̀. Ìgò bíà tí ó gba sẹ̀ntílítà 60, bí a bá da ẹmu òwúrọ̀ sínú rẹ̀ tí a sì dé e, afẹ́fẹ́ tí yóò fẹ́ jáde nínú rẹ̀ lè tó ìlọ́po 28 ìwọ̀n ìgò náà. Bíà tí a rà ní ọjà, ẹ̀yin tí ẹ ti rí bí ó ti ń ru nígbà tí a bá ṣí i, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìlọ́po méjì àbọ̀ ìwọ̀n rẹ̀ lọ. Ìlọ́po méjì àbọ̀ yẹn pàápàá, bí ó bá gbóná nínú oòrùn, a máa ti ìgò láti inú pẹ̀lú agbára tí ó tó ti afẹ́fẹ́ inú táyà ọkọ̀. Kí ni ẹ rò pé ìlọ́po 28 yóò ṣe?

Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ìgò yóò bẹ́ kí ó tó dé ìdá kan nínú ìdá mélòó kan rẹ̀. Kì í fọ́ bí ìgò tí ó bọ́ lọ́wọ́ ènìyàn. A máa bú gbàù, àwókù rẹ̀ a sì máa fò lọ sí ojú, sí ọrùn àti sí ọwọ́. Ìgò tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ a tún máa bẹ́ tẹ̀lé e. Owó tí a bá pàdánù lórí ìgò 12, a lè tún un rí. Ẹyinjú tí ó bá fọ́ kò ní àrọ́pò.

Ẹ kíyèsí èyí pẹ̀lú. Àwọn kan a máa wí pé, “Ẹmu yìí ti le, ṣúgà inú rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.” Bí ó bá ṣẹ́ ku ìdá kan péré nínú ìdá mẹ́wàá ṣúgà náà, afẹ́fẹ́ tí yóò ti inú rẹ̀ wá tó èyí tí ó wà nínú odidi ìgò bíà kan, yàtọ̀ sí èyí tí ó ti wà nínú ẹmu náà tẹ́lẹ̀. Ahọ́n kò lè wọn ìdá mẹ́wàá. Níwọ̀n ìgbà tí ẹmu bá ṣì ní adùn díẹ̀ lẹ́nu, kò tíì tó láti dé pa.

4. Ọ̀NÀ KÌN-ÍN-NÍ: ẸMU TÍ Ń MÍ NÍNÚ KẸ́Ẹ̀GÌ

Èyí ni ọ̀nà tí ó rọrùn jù lọ, òun ni ó sì tọ́ fún ẹmu tí a ó tà ní ọjọ́ kan náà. Ẹ ṣe bí a ti kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ yìí.

(a) Ẹ mọ ìtàn kẹ́ẹ̀gì yín. Kẹ́ẹ̀gì tí a ti fi gbé oògùn kòkó, oògùn koríko, bẹntiróòlù tàbí kẹrosíìnì rí, ẹ má ṣe da ẹmu sínú rẹ̀ láé, bí ó ti wù kí ẹ fọ̀ ọ́ tó. Májèlé a máa wọ inú ike, a sì tún máa jáde sínú ọtí. Ẹ fi àmì ọ̀dà pupa sí kẹ́ẹ̀gì oògùn, kí ẹ sì yà á sọ́tọ̀ kúrò ní àgbàlá tí ẹmu wà.

(b) Ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ kẹ́ẹ̀gì àti akèǹgbè ní ojoojúmọ́, ẹ ṣàn wọ́n dáadáa, kí ẹ sì da ojú wọn dé kí omi ro kúrò nínú wọn. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ àná tí ó kù sí ìsàlẹ̀ ni ó ń mú ẹmu òní kan kíákíá.

(d) Ẹ fi asẹ́ àti aṣọ funfun tí ó mọ́ sẹ́ ẹmu, kí oyin, èèrà àti pàǹtí má baà wà nínú rẹ̀.

(e) Ẹ má ṣe kún kẹ́ẹ̀gì dé ẹnu. Nínú kẹ́ẹ̀gì lítà 25, ẹ da lítà 20 sí i, kí ìfòòfò lè rí ààyè.

(ẹ) Ẹ má ṣe lọ́ ìdérí rẹ̀ pa. Ẹ fi aṣọ mímọ́ di ẹnu rẹ̀, tàbí kí ẹ gbé ìdérí lé e lóréfèé kí afẹ́fẹ́ lè máa jáde. Bí ẹ bá rí i tí ikùn kẹ́ẹ̀gì wú, ó ti ń kìlọ̀ fún yín. Ẹ má ṣe gbé ojú lé ẹnu rẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń tú u. Ẹ tú u díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan.

(f) Nínú ọkọ̀, kí kẹ́ẹ̀gì dúró ṣánṣán, kí a so wọ́n mọ́ra, kí a sì fi ewé tútù tàbí àpò tí a rẹ sínú omi bò wọ́n, nítorí pé bí ẹmu bá ti gbóná tó ni ìwúkàrà ń yára tó. Bí inú ọkọ̀ kan náà ni ènìyàn wà, ẹ ṣí fèrèsé sílẹ̀. Afẹ́fẹ́ inú ẹmu wúwo ju afẹ́fẹ́ tí à ń mí lọ, bí ó bá sì pọ̀ níbi tí kò sí ọ̀nà àbájáde, a máa dá ni lọ́rùn.

Àgbẹ̀ tí ó bá dá ẹmu ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, tí ó sì ṣe gbogbo nǹkan wọ̀nyí, yóò rí i pé ẹmu rẹ̀ dé Ìkòtún pẹ̀lú adùn rẹ̀. Bí ọ̀nà bá jìn tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè dé ní ọjọ́ kan náà, kí ó ka ọ̀nà kejì.

5. Ọ̀NÀ KEJÌ: ẸMU TÍ A PA ÌWÚKÀRÀ RẸ̀ NÍNÚ ÌGÒ

Ní àwọn ọdún 1860, ọ̀mọ̀wé ará Faransé kan, Louis Pasteur, fi hàn pé bí a bá mú wáìnì gbóná níwọ̀nba, láìjẹ́ kí ó hó, àwọn ohun alààyè kéékèèké tí ń bà á jẹ́ yóò kú, wáìnì náà yóò sì pẹ́. Ọgbọ́n yìí kan náà ni a lò fún ẹmu ní ilẹ̀ wa. Ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ tí ó wà ní ẹ̀bá Benin, èyí tí Ẹ̀ka Iṣẹ́ Àgbẹ̀ dá sílẹ̀ ní ọdún 1939, tí ó sì ń jẹ́ NIFOR láti ọdún 1964, ti fi ẹmu sínú ìgò fún títà. Ilé ìwádìí ìjọba àpapọ̀ tí ó wà ní Òṣòdì, FIIRO, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1956, ti ṣe iṣẹ́ lórí rẹ̀ pẹ̀lú. Òṣòdì kò sì jìnnà sí Ìkòtún. Nítorí náà kì í ṣe ohun tí a kò tíì dán wò ni à ń kọ́ yín.

Ohun èlò tí ẹ ó ní ni wọ̀nyí: ìgò bíà tí ó nípọn, ìdérí tuntun, nítorí pé èyí tí a ti ṣí rí kò lè dé ìgò dáadáa mọ́, ẹ̀rọ ọwọ́ tí a fi ń tẹ ìdérí mọ́ ẹnu ìgò, ìkòkò irin ńlá tí ó ga tó ìgò, àti tẹmómítà. Ẹni tí kò bá ní tẹmómítà, kí ó má ṣe bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí. Ọwọ́ kò lè mọ ìyàtọ̀ láàárín omi tí ó pa ìwúkàrà àti omi tí ó kàn dá a lágara.

Ẹ máa tẹ̀lé e báyìí:

Ìkíní. Ẹ sẹ́ ẹmu titun. Ẹ dà á láti inú korobá kan sí èkejì ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹ́rin kí afẹ́fẹ́ tí ó ti wà nínú rẹ̀ lè jáde.

Èkejì. Ẹ fi àrọ dà á sínú ìgò mímọ́. Ẹ fi ààyè ìka mẹ́ta sílẹ̀ ní ọrùn ìgò. Ẹ gbé ìdérí lé e lórí, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn. Ìgò tí a dé pa kí a tó gbé e ka iná lè bẹ́ nínú ìkòkò.

Ẹ̀kẹta. Ẹ tẹ́ aṣọ tàbí pákó sí ìsàlẹ̀ ìkòkò, kí ìgò má baà jókòó lórí irin gbígbóná. Ẹ to ìgò sí i, kí ẹ sì bu omi tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ sí i títí yóò fi ga tó ẹmu inú ìgò.

Ẹ̀kẹrin. Ẹ dá iná díẹ̀díẹ̀. Ẹ ki tẹmómítà bọ inú ọ̀kan nínú àwọn ìgò náà, kì í ṣe inú omi ìkòkò, nítorí pé omi a máa gbóná ṣíwájú ẹmu. Nígbà tí ẹmu bá dé ìwọ̀n 70 ti Celsius, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí ka àkókò. Ẹ jẹ́ kí ó wà láàárín 70 àti 75 fún ìṣẹ́jú 30. Bí ó bá fẹ́ kọjá 75, ẹ fa igi kúrò nínú iná. Ẹmu tí ó bá hó a máa ní adùn bí ohun sísè, agbára ọtí rẹ̀ a sì máa bá ooru lọ.

Ẹ̀karùn-ún. Ẹ fi aṣọ nínípọn bo ọwọ́, kí ẹ yọ ìgò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì tẹ ìdérí mọ́ ọn nígbà tí ó ṣì gbóná. Ẹ gbé e sórí pákó tàbí aṣọ gbígbẹ; bí ẹ bá gbé e sórí símẹ́ńtì tútù, yóò sán. Ẹ jẹ́ kí ó tutù fúnra rẹ̀.

Ẹ̀kẹfà. Ẹ to gbogbo ìgò sínú àpótí tí ó ní ìdérí, ní ibi òkùnkùn tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí, fún ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹ tó tà wọ́n. Èyí ni ìdánwò yín. Bí ìwúkàrà kan bá ṣẹ́ kù, àkókò yìí ni yóò fi ara rẹ̀ hàn: ẹmu yóò máa yọ ìfòòfò sí ọrùn ìgò, ìdérí yóò sì fẹ́ wú. Bí ẹ bá rí èyí nínú ìgò kan ṣoṣo, ẹ má ṣe ta ọ̀kan nínú àwọn tí ẹ sè pọ̀ pẹ̀lú rẹ̀.

Ẹ má ṣe fi ọwọ́ lásán gbé ìgò bẹ́ẹ̀. Ẹ fi àpò nínípọn tí a rẹ sínú omi bò ó, ẹ jẹ́ kí ó sun òru kan nínú òtútù, kí ẹ sì tú afẹ́fẹ́ rẹ̀ jáde lábẹ́ àpò náà ní kùtùkùtù, pẹ̀lú ojú tí a yí kúrò. Kí àwọn ọmọdé má ṣe wà nítòsí.

A kò ní fi ohun kan pamọ́ fún yín: ẹmu tí a tọ́jú báyìí kì í hó bí ẹmu òwúrọ̀. A ti lé afẹ́fẹ́ rẹ̀ jáde, a sì ti pa ẹni tí ìbá tún un ṣe. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá a máa mú ẹmu náà tutù, wọn a sì fi ẹ̀rọ fẹ́ carbon dioxide padà sínú rẹ̀ láti inú sìlíńdà. Kí ẹni kankan má ṣe tan yín láti da ìwọ̀nba ẹmu titun sínú ẹmu tí a ti sè “kí ó lè hó.” Bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ ti mú apànìyàn padà wọ ilé.

6. Ọ̀NÀ KẸTA: ỌTÍ TÍ ṢÚGÀ RẸ̀ TI TÁN

Ọ̀nà yìí ni ti àwọn tí ń pọn ọtí ọkà, àti ti àwọn tí ń pọn bíà nínú ilé gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà. A kò gbà yín níyànjú láti lò ó fún ẹmu, nítorí pé kí ṣúgà ẹmu tó tán, ó ti kan. Ṣẹ̀kẹ̀tẹ̀ tí a fi àgbàdo ṣe pẹ̀lú, nígbà tí ó ṣì ń hó ni a máa ń mu ún ní ilẹ̀ wa. Ẹni tí ó bá ń tà á bẹ́ẹ̀, kí ó tẹ̀lé ẹ̀kọ́ kẹ́ẹ̀gì tí ó wà lókè.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ kí bíà rẹ̀ hó nínú ìgò, kí ó mọ̀ pé ìwúkàrà fúnra rẹ̀ lè ṣe iṣẹ́ náà, bí a bá fún un ní oúnjẹ níwọ̀n. Kí ó kọ́kọ́ jẹ́ kí ọtí náà parí iṣẹ́ rẹ̀ nínú ohun èlò tí ń mí. Gíláàsì ìwọ̀n kan wà tí ń léfòó nínú ọtí, tí a ń pè ní hydrometer. Bí ṣúgà bá ti ń dínkù ni ó ń rì sí i. Bí ó bá dúró sí ojú kan náà fún ọjọ́ mẹ́ta léraléra, ní ìsàlẹ̀ tí a retí, ṣúgà ti tán.

Nígbà náà, kí ó wọn ṣúgà ilé gíráàmù 6 tàbí 7 fún lítà kọ̀ọ̀kan. Kí ó yọ́ ọ nínú omi díẹ̀ tí ó hó, kí ó jẹ́ kí ó tutù, kí ó sì pò ó mọ́ gbogbo ọtí náà pọ̀ kí ó tó bù ú sínú ìgò. Fún ìgò sẹ̀ntílítà 60, èyí kò ju ṣíbí tíì kan tí a gé ojú rẹ̀ dọ́gba lọ. Ẹni tí ó bá ń sọ ṣúgà sínú ìgò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan lè gbàgbé ọ̀kan, kí ó sì fi sínú òmíràn lẹ́ẹ̀mejì. Èyí tí ó gba ẹ̀ẹ̀mejì ni yóò bẹ́. Kí ó dé ìgò, kí ó sì fi sínú àpótí tí ó ní ìdérí fún ọjọ́ 7 sí 10.

Ọgbọ́n kan tí ó dára ni pé kí ó fi ọtí kan náà sínú ike ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan. Kí ó máa fi ọwọ́ tẹ ike náà lójoojúmọ́. Nígbà tí ó bá le bí èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọjà dé, àwọn ìgò yòókù ti tó. Kí ó gbé wọn lọ sí ibi tútù. Ike omi lásán kò tó fún iṣẹ́ yìí, nítorí pé a kò ṣe é láti gba afẹ́fẹ́ tí a há mọ́.

7. KẸ́Ẹ̀GÌ MÉJÌ TÍ Ń JẸ́ ORÚKỌ KAN

Ní Èkó, ike tí a fi ń ru omi àti ẹmu ni à ń pè ní kẹ́ẹ̀gì. Ṣùgbọ́n ẹ lè kà nínú ìwé àwọn apọntí òkèèrè pé wọ́n ń fi afẹ́fẹ́ sínú ọtí nínú kẹ́ẹ̀gì. Kẹ́ẹ̀gì tiwọn jẹ́ irin tí kì í dípẹtà, tí a ti dán agbára rẹ̀ wò, tí ó sì ní ihò ààbò tí ń ṣí fúnra rẹ̀ bí afẹ́fẹ́ bá pọ̀jù. Wọn a mú ọtí tutù dé ìwọ̀n 4 ti Celsius, nítorí pé ọtí tútù ni ó ń gba afẹ́fẹ́ mọ́ra. Wọn a sì fi sìlíńdà fẹ́ ẹ díẹ̀díẹ̀. Ọtí gbígbóná kì í gba afẹ́fẹ́ mọ́ra; ìdí nìyí tí bíà gbígbóná fi ń ru jáde nígbà tí a bá ṣí i.

Ike tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ má ṣe so sìlíńdà mọ́ kẹ́ẹ̀gì ike láé, ẹ má sì ṣe tú sìlíńdà nínú yàrá tí a ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé rẹ̀.

8. ORÚKỌ YÍN LÓRÍ ÌGÒ

Ẹmu tí a dì sínú ìgò tí a sì ń tà fún gbogbo ènìyàn ti di ohun tí òfin mọ̀. Àjọ NAFDAC, tí a fi òfin ọdún 1993 dá sílẹ̀, ni ó ń forúkọ irú ohun mímu bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ kí ó tó dé ọjà. Lórí ìgò ni kí orúkọ ohun mímu náà wà, pẹ̀lú orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tí ó ṣe é, iye tí ó wà nínú rẹ̀, ọjọ́ tí a ṣe é, ọjọ́ tí kò yẹ kí a mu ún kọjá, àti nọ́ńbà tí NAFDAC fún un. Àgbẹ̀ kan lè rò pé ìnáwó náà pọ̀. Kí ó bá àwọn mìíràn nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ìkòkò kan, tẹmómítà kan àti ìforúkọsílẹ̀ kan lè sin oko púpọ̀.

Ẹ má sì ṣe fi omi lú ẹmu, kí ẹ sì wá fi sákárìn mú un dùn padà. Ẹni tí ó mu ún lè má mọ̀ lónìí, ṣùgbọ́n orúkọ yín wà lórí ìgò náà, yóò sì bá a délé.

9. ÌBÉÈRÈ FÚN ẸGBẸ́ ÌKÀWÉ

Kí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n kà ka àwọn ìbéèrè wọ̀nyí sí etí àwọn adẹ́mu rẹ̀ àti àwọn tí ń bá a ru ẹmu lọ sí ọjà, kí ó sì jẹ́ kí wọn dáhùn kí òun tó sọ̀rọ̀.

1. Kí ni ìwúkàrà ń sọ ṣúgà dà? Níbo ni ẹ ti rí irú iṣẹ́ yìí nínú oko kòkó?
2. Nínú ẹmu òwúrọ̀ tí ó kún ìgò kan, ìlọ́po mélòó ìgò náà ni afẹ́fẹ́ tí ó lè jáde? Ìlọ́po mélòó ni ti bíà?
3. Irú kẹ́ẹ̀gì wo ni a kò gbọdọ̀ da ẹmu sínú rẹ̀ láé?
4. Èéṣe tí a fi ń ki tẹmómítà bọ inú ìgò, tí kì í ṣe inú omi ìkòkò?
5. Ọ̀rẹ́ yín kan dé ẹmu òwúrọ̀ sínú ìgò 24 lánàá, ó sì tò wọ́n sábẹ́ ibùsùn níbi tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń sùn. Kí ni ẹ ó sọ fún un ní alẹ́ òní, kí sì ni ẹ ó kọ́kọ́ ṣe?

Ìbéèrè karùn-ún ni ó wúwo jù lọ. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé kí ẹ kó àwọn ọmọ kúrò nínú yàrá náà kí ẹ tó sọ̀rọ̀ kankan. Lẹ́hìn náà, kí ẹ fi àpò tí a rẹ sínú omi bo àwọn ìgò náà, kí ẹ ti ilẹ̀kùn, kí ẹ sì dúró de òtútù ìdájí. Ní ìdájí ni kí ẹ tú wọn lábẹ́ àpò gẹ́gẹ́ bí a ti kọ ọ́ ní ẹ̀kọ́ karùn-ún. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ bá parí, ẹ fún un ní ìwé yìí kí ó kà.